Irun Ẹsẹ̀ Damson

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Karùn-ún, 1961
Aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá wo Damson, abo ẹṣin wa. Ìyá ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹṣin ìran Suffolk — ìran Shire ni, irun bo pátákò rẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Látìgbà náà, akọ Suffolk nìkan la ń mú wá fún ìran rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin Suffolk ni pé ìran kẹta lè wọ ìwé ńlá, ti àwọn ojúlówó, bó bá pupa látòkè délẹ̀, tí irun kò sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Pupa, ó pupa. Ẹsẹ̀ ló kù. Jabez ọkọ mi ti búra: bí wọn ò bá gbà á, alápatà ni yóò tà á fún, tírákítọ̀ ló kàn. Ọkùnrin tí kì í jẹun kí ẹṣin tó jẹ.

Ọjọ́rú, 10
Mo ń fún wàrà lọ́wọ́. Kí n tó jáde, Bọ̀ọ̀dá Wilf, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti fi sísọ́ọ̀sì fá ẹsẹ̀ Damson kodoro, bí a ti máa ń ṣe tí ẹṣin bá ń lọ síbi ìdíje. Ó ní, “Wò ó bó ṣe ń dán, ìyàwó wa.” Ìdíje kọ́ lèyí. Irun yẹn gan-an ni aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ wá wò.

Ọjọ́bọ̀, 11
Ojú Ìgò dé — aṣàyẹ̀wò yẹn, awò rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó yin àyà Damson, ó yin pátákò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sókè, ó dìde. “Ta ló fá a?” Wilf ń wo òfuurufú. Ojú Ìgò ní òun ò lè dájọ́ ohun tí òun ò rí. Òun á padà lóṣù tó ń bọ̀. Bó bá tún bá a ní fífá, òun á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́, tòun ti ìyá rẹ̀. Mo béèrè bóyá irun díẹ̀ léwu.
“Ìyáàfin Orris, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ hù ná.”

Ọjọ́ Àìkú, 21
Ó ń hù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹfà
Kí n tó dáná láàárọ̀ ni mo ti lọ fọwọ́ kàn án. Ó gùn, ó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun. Jabez bi mí bóyá ó pọ̀. Mo ní irun ni, kò ju irun lọ. Wilf ní ká máa fi ìka tu ú díẹ̀díẹ̀, pé ẹni tó tu kò fá. Mo ní kó lọ tu irùngbọ̀n ara rẹ̀.
Ṣùgbọ́n mo rò ó o. Mo dúró ti Damson, ìka mi wà nínú irun náà. Bí wọ́n bá yọ ìyá rẹ̀ náà — kí ló kù fún wa? Mo yọ ìka mi kúrò.

Ọjọ́bọ̀, 22
Ojú Ìgò kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, “Shire ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìwé kékeré, ti àwọn tí kò tíì di ojúlówó, ni màá kọ ọ́ sí. Ọmọ tó bá bí fún akọ Suffolk, màá wá wo ìyẹn náà.”
Jabez ní ọdún mẹ́rin nìyẹn kí ọmọ náà tó dàgbà, òun lè ti kú.
“Ẹ sì lè má kú.” Ó mu tíì, ó lọ. Jabez ò fẹnu kan tirẹ̀. Ó ní alápatà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ẹtì, 23
Cutting, tó ń fa akọ ẹṣin kiri láti oko dé oko, ń kọjá lójú ọ̀nà wa láàárọ̀. Damson ti ń wá akọ láti àná, gbogbo ilé ló gbọ́ igbe rẹ̀. Jabez wà lóko. Mo dá Cutting dúró. Èmi fúnra mi ni mo di okùn Damson mú.
Nígbà oúnjẹ ọ̀sán mo sọ fún Jabez pé kó sọ fún alápatà kó má wulẹ̀ wá, ẹṣin ti gba akọ. Ó ti àwo ọbẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
“Akọ èwo?”
Mo ní ti Cutting, Suffolk ńlá yẹn.
“Ẹsẹ̀ ìyẹn mọ́, kò nírun,” ó ní, ó sì fa àwo ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́ra.