Màámi, Ẹ Sọ Ibi Tí Bàbá Wà Fún Mi

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú gbogbo wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà yìí. Ràfíù àbúrò mi ńkọ́? Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ lẹ́tà yìí síta gbangba ni, torí bí mo bá pè yín, ṣe ni Ràfíù máa ń gba fóònù lọ́wọ́ yín.

Mo ti kúrò ní ìlú etí òkun tí mo wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí abúlé kan láàárín àwọn òkè gàgàrà, odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn olówó ń wá síbí láti so pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀, kí wọ́n máa yọ̀ lórí yìnyín láti orí òkè wá sílẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín o, wọ́n ń sanwó kí wọ́n lè ṣubú! Èmi ni mò ń fọ abọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì wọn, mo sì ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Òtútù ibí ń wọ eegun, kò sì sẹ́ni tó máa ní ẹ kú iṣẹ́. Ó sú mi, Màámi.

Ẹ rántí afárá ìlú tí mo kúrò, tí mo máa ń ròyìn fún Bàbá? Bí ọkọ̀ ojú omi ńlá bá ń bọ̀, àárín títì náà á gbéra lódindi, á gòkè láàárín òpó méjì, ọkọ̀ á kọjá lábẹ́ rẹ̀, á tún sọ̀kalẹ̀. Bàbá tó fi iṣẹ́ wẹ́dà tọ́ wa ní Ọ̀yọ́ kò jẹ́ kí n simi lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ló ń fà á? Kí ló dé tí kì í fì? Mo ní irin wúwo kan ló wà ní òdìkejì okùn tó ń bá a gbé e. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa, kí n tún lọ wò ó dáadáa.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ya fídíò irin náà, mo fi ránṣẹ́. Ràfíù fèsì pé Bàbá ti wò ó, wọ́n ní ó dáa. Ó dáa kẹ̀? Bàbá wo? Bàbá mi kò lè rí irin kí wọ́n má fi àbùkù kàn án.

Láti ìgbà náà, bí mo bá pè, Bàbá ń sùn. Bàbá lọ sí mọ́sáláṣí. Fóònù Bàbá bàjẹ́. Ràfíù tó yẹ kó wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bá a. Ẹ̀yin gan-an, tí òjò ò lè ní kí ẹ má lọ sí Ọjà Akẹ̀sán, inú yàrá lẹ máa ń wà. Mo ní kí n rí ojú yín, ẹ ní kámẹ́rà ti bàjẹ́. Màámi, ṣé kì í ṣe inú tákàbá lẹ wà, tí opó kì í jáde?

Mo mọ ìdí tí ẹ fi fi í pamọ́ fún mi. Wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà lókè òkun, kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ìwé ìgbélùú mi kò sì tíì jáde. Bí mo bá sáré wálé, n kò ní lè padà. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń ṣàdúà fún Bàbá, n kò mọ èyí tí màá ṣe, ti ẹ̀mí gígùn ni àbí ti àforíjì.

Bí mo bá ṣì í rò, ẹ ní kí Bàbá pè mí fúnra wọn, kí wọ́n bú mi dáadáa. Màá dúpẹ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ kò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí Ràfíù, n kò bínú sí i. Ẹ kí gbogbo ará àdúgbò. N kò mọ bí mo ṣe máa kí Bàbá.

Màámi, ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Ọmọ yín,
Mùfútáù