Òdòdó Pápá Ti Là Lẹ́yìn Ilé

Ọpẹ́dayọ̀, okun o. Òdòdó pápá tí o gbìn sẹ́yìn ilé ti là láàárọ̀ yìí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, aláwọ̀ ìyeyè tó ń dán, ó yọ láàárín eérú láìní ewé kankan.

Láti ìgbà tí o ti hú gbòǹgbò rẹ̀ wá láti Ògìdì, ewé lásán ló ń hù. Lóṣù tó kọjá, o kó koríko gbígbẹ lé e lórí, o sì dáná sun ún. Màmá mi pariwo pé: "Ìyàwó, ta ní í sun ohun tó gbìn?" O fèsì pé: "Màmá, iná ló ń jí i nínú pápá." Ìwọ lo jàre. Mo kí ọ, o káre.

Ṣùgbọ́n Màmá fẹ́ já a lọ sí orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Bí wọ́n bá já a, a kò ní rí irúgbìn mú. Bí o bá ti dé láti ibi iṣẹ́ òru, ṣe ọgbà yí i ká kí o tó sùn.

Mo ti bẹ̀ wọ́n kí n tó jáde lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Bóyá wọ́n gbà, n kò tíì lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ọláníran