Èènì Ọgọ́ta Ìpín Tí Mo Fi San Owó Páànù

Juwairiyyah ọmọ mi,

Owó tí mo gbé kúrò nílé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún jẹ́ 9,500 fráǹkì. Ọkọ̀ láti Souza dé Bonabéri gba 1,000. Ọ̀kadà bẹ́ńsíkín gbé mi kọjá afárá dé Akwa, ó gba 500. Àbọ̀ gba 1,500, n kò sì ra nǹkan kan jẹ lọ́nà. Sítáǹbù ìjọba tí mo lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù jẹ́ 1,500. Iná tí mo ń rà sí fóònù lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, 100 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, jẹ́ 900. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5,400. Ó ku 4,100, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

N kò tíì kí ọ, má bínú, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó ń mú ọ sọdá afárá láàárọ̀ yóò máa mú ọ sọdá bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo yà sílé rẹ lọ́jọ́ náà, o kò sí níbẹ̀, n kò sì fẹ́ san owó bẹ́ńsíkín mìíràn láti máa wá ọ kiri. Ìyá rẹ kí ọ. Ojú rẹ̀ kò burú sí i, kò sì tíì sàn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti so. Páànù tuntun kò jò.

O mọ ogún ìpín tí mo ní nínú ilé-iṣẹ́ oúnjẹ Ìtẹ́lọ́rùn, àwọn tó ní ilé oúnjẹ mẹ́ta ní Douala. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti rà wọ́n ní 5,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mo ṣì ń ta àlùbọ́sà lọ́jà Sandaga. Wọ́n ti di 40,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọọdún wọ́n ń san èrè 2,000 lórí ìpín kan, ìyẹn 40,000, òun la fi ń ra oògùn ojú ìyá rẹ, 3,000 lóṣù.

Nípàdé àwọn onípìn-ín tí mo lọ ní Akwa lọ́jọ́ náà, alága wọn, Màdáàmù Ìwàlọlá, dìde, ó ní wọ́n ti sọ ìpín kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà náà lè rí èyí tí apá wọn ká rà. Ó ní kí àwa tó ti pẹ́ níbẹ̀ fọkàn balẹ̀, a kò pàdánù, a kò sì jèrè, bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe ń dàgbà la ó ṣe máa bá a dàgbà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin yẹn ló dúró sí mi létí. Lẹ́yìn náà ni fóònù mi dún, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpín mi ti di 80. Láti ọjọ́ náà n kò jẹ́ kí fóònù náà kú, kí àwọn ìpín tó wà nínú rẹ̀ má baà bá a kú. Ìdí nìyẹn tí n kò fi pè ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó lè ti díẹ̀ nínú wọn jáde.

Ìwọ náà mọ̀ pé oníbàárà tó bá pẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo máa ń bu èènì kún tirẹ̀. Mo ní ogún ni mo rà, ọgọ́ta ni èènì, àwọn èèyàn yìí mọ ẹni tó pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. A kì í sì í ka èènì mọ́ owó ọjà. Adékọ̀yà tó ta páànù fún wa ló bá mi lọ, mo ṣì jẹ ẹ́ ní 120,000. Mo ní kó gba ọgọ́ta èènì náà, kí gbèsè tán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Alhaji, ẹ̀yin lẹ ni Douala. A lọ bá akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà, mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Èmi ni mo ra sítáǹbù, nítorí ẹni tó ń ta ọjà ló ń fi í sínú ọ̀rá. Akọ̀wé ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni òun yóò kọ orúkọ Adékọ̀yà sínú ìwé ńlá, pé bí àwa méjèèjì bá fẹ́ yí i padà, ká wá ṣáájú ọjọ́ náà.

Mo délé, mo ròyìn fún ìyá rẹ. Ó ní bí òun bá fún mi ní 10,000 kan, tí mo lọ ṣẹ́ ẹ sí 2,000 márùn-ún, ṣé mo ti rí èènì nìyẹn? Ó ní bí mo bá wá fi mẹ́rin nínú rẹ̀ ta ẹnìkan lọ́rẹ, kí ló kù lọ́wọ́ mi?

Mo mú bírò. Iye ìpín kan ti di 10,000. Ogún tó kù fún mi jẹ́ 200,000, ó sì ti jẹ́ 800,000 tẹ́lẹ̀. Mo wá 600,000 kiri lórí ìwé náà. Mo ka èènì: ọgọ́ta lọ́nà 10,000, ó jẹ́ 600,000 géérégé. Juwairiyyah, èènì tó bá ṣe déédéé iye tí wọ́n yọ lára ọjà ẹni, èènì kọ́ nìyẹn. Èrè náà ti di 500 lórí ìpín kan. Ogún yóò mú 10,000 wá lọ́dún, oògùn oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́sàn-án tó kù ńkọ́? Láti ìgbà náà n kò lè jókòó lójú kan, mo ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, mo ń bọ̀.

Mo lọ bá Adékọ̀yà. Ó ní ṣé ẹni tó ta ewúrẹ́ tún ń padà wá bèèrè ìrù ni. Ṣùgbọ́n òun náà rí i pé ìpín ti já láti 40,000 sí 10,000, ẹ̀rù sì ń bà á pé yóò tún já. Ó ní bí mo bá kó 120,000 lówó, kì í ṣe lórí fóònù, fún òun kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ tó ṣú, òun yóò bá mi lọ ya fọ́ọ̀mù náà. N kò purọ́ fún un. N kò kàn ṣe ìṣirò náà lójú rẹ̀ ni.

Ìyá rẹ tú 25,000 jáde láti etí aṣọ rẹ̀. Mo ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ 6,000. Fi 4,100 kún un, 35,100. Jọ̀wọ́, bá wa wá èyí tó kù, kí o sì mú un wá fúnra rẹ. Kí o tó yá lọ́wọ́ èèyàn, kọ́kọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń pọ owó lára ògiri báńkì ní Akwa. Mo wo àwọn tó ń gbà á lọ́jọ́ náà, kò bi ẹnì kankan nígbà tí yóò dá a padà. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá kò gba owó lọ́wọ́ mi, má fún un ní nǹkan kan.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ fọwọ́ sí ohun tí ojú rẹ yóò máa wá kiri. Ohun tí o bá gbìn yóò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ náà yóò pẹ́ níbẹ̀ láti jẹ ẹ́.

Èmi bàbá rẹ,
Mùktárù.

Èyí tó kù tí a kò tíì rí nínú owó Adékọ̀yà, títí di ọ̀sán Mọ́ńdè yìí: 84,900 fráǹkì.