Májèlé Tí Mi Ò Jẹ́ Kí O Lò

Aago-kì-í-purọ́, ọdún mẹ́fà rèé tí o lọ! Ọdún mẹ́fà, àbúrò mi, à ń pè ọ́, o ò jẹ́ wa.

Ilé tí o fi sílẹ̀ láìní òrùlé ti parí, a ti kùn ún. Ìyàwó rẹ ò ti ṣọ́ọ̀bù pa. Òun ló ń tún aago ṣe báyìí, àwọn oníbàárà sì ní ọwọ́ rẹ̀ yá ju tìrẹ lọ. Má bínú, òótọ́ ni. Àbíkẹ́yìn rẹ ti ga jù mí lọ. Àkọ́bí rẹ ń kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ní yunifásítì.

Ọdọọdún ni mo ń kọ ọ́ sínú ìrántí rẹ tí à ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn pé "àìsàn ránpẹ́" ló mú ọ lọ. Irọ́ ni! Irọ́ funfun báláú ni!

Nígbà tí èrìgì rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ara rẹ ń dúdú kiri láìsí ẹni tó lù ọ́, dókítà pè wá jókòó. Ó ya sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kan sórí pépà, ó ya kóró sáàárín rẹ̀, ó kán àmì tó-tò-tó bíi mẹ́wàá sínú kóró náà. Ó ní pùrótéènì ló ṣù jọ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n wà lára ohun tó ń kó sẹ́ẹ̀lì níjàánu. Tìrẹ ti fọ́ wẹ́wẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò gbó wá ń pọ̀ sí i ṣáá. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní oògùn kan wà tó lè ṣù wọ́n jọ padà. Olóòótọ́ ènìyàn ni, kò fi bò: "Asẹ́níìkì ni. Májèlé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n a mọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n."

Kí ni mo gbọ́? Májèlé! Mi ò gbọ́ ìyókù.

"Májèlé kẹ̀? Fún àbúrò tèmi? Lójú mi?" Mo ya pépà náà. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wá, ó ti yé mi." Mo ní kí o panu mọ́. O sì panu mọ́, torí èmi ni àgbà. Háà, àgbà òfìfo! Mo gbé ọ kúrò ní ọsibítù. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ya sí ọ lọ́pọlọ.

Lóṣù tó kọjá, àkọ́bí rẹ gbé fọ́tò sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Nínú ọ̀kan, àwọn àmì náà fọ́n ká bí iyẹ̀fun. Nínú èkejì, lẹ́yìn oògùn, wọ́n ti ṣù jọ. Ó ní, "Dádì àgbà, púpọ̀ nínú àwọn tó bá tètè lò ó ló ń yè. Ta ló ní kí wọ́n má fún Dádì mi?"

Ìyàwó rẹ ò gbójú sókè. Ó mọ̀! Ọdún mẹ́fà, kò tú mi fó rí. Mo ní àmúwá Ọlọ́run ni, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ rẹ ni n ó kọ́kọ́ fi ìwé yìí hàn kí n tó gbé e lọ tẹ̀. Ọmọ mi, Ọlọ́run kọ́. Èmi ni.

Àbúrò mi, àárò rẹ ń sọ wá. A fẹ́ràn rẹ. Èmi tí mo fẹ́ràn rẹ jù ni mo sì gba ìwòsàn lọ́wọ́ rẹ.