"A Dúpẹ́" Kì í Ṣe Èsì

                                        Benson Street,
                                        Monrovia,
                                        Làìbéríà.
                                        22 Oṣù Kẹrin, 1986.

Nurat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà ní Ọ̀fà? Bàbá Kamorat ńkọ́? Kamorat fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé eyín tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí o kọ̀wé ti hù? Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀ o. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Fi ọkàn sí a dúpẹ́ yẹn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Mo ti kúrò nídìí ìwé títẹ̀ o. Dókítà Amos, ọ̀gá wa níléeṣẹ́ ìwádìí ìlera, ní kí n máa ya gbogbo fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́ lára aláìsàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n lè kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Àpótí mẹ́ta ni mo ní: ohun tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ, ohun tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì fojú ara rẹ̀ rí, àti ohun tí wọ́n ní kí aláìsàn ṣe kí wọ́n wò ó, bíi kó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ níbí, mi ò sì purọ́.

Fọ́ọ̀mù àwọn tí orúnkún ń dùn ní ọjà Duala níbí ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì Catherine ló kọ ọ́, Dókítà wá ní kí n jù ú sí àpótí nọ́ọ̀sì. Mo ní rárá sà, ọwọ́ Catherine ló kọ ọ́, ẹnu aláìsàn ló ti jáde. Ibi tí mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láti fi hàn án ni mo ti rí orúkọ ìyá rẹ. Wọ́n bi ìyá pé ara ńkọ́, èsì tí Catherine kọ ni pé ara ti yá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gbogbo Yorùbá tó kù, ara gbogbo wọn ti yá! Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n nínú fọ́ọ̀mù ti rírìn, ìyá sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé ojú fèrèsé. Mo wo ìsàlẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ pé kí wọ́n dá oògùn wọn dúró ní ìparí oṣù, nítorí ara ti yá.

Mo wá Sàídù aláṣọ lọ, òun ló ṣe ògbufọ̀ fún Catherine. Mo ní kí ni ìyá sọ gan-an? Ó ní, "A dúpẹ́ ni wọ́n sọ o, àǹtí."

Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, Nurat. Ohun tí ìyá ń kọ sí ọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún Dókítà pé láàárín tiwa, kódà bí ara ẹni ń jó bí iná, a dúpẹ́ la ó sọ. Ìkíni ni, kì í ṣe èsì. Ó ní kí n fi han òun. La bá jọ gba Duala lọ, níbi tí ìyá ti ń ta abọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní a dúpẹ́. Mo wá ní, "Ìyá, ìgbà wo lẹ forí kanlẹ̀ kírun gbẹ̀yìn?"

Wọ́n ní, "Rẹ̀mí, ó ti di oṣù mẹ́rin tí mo ti ń jókòó sórí àga kírun."

Omi bọ́ lójú mi. Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ ìbéèrè náà sórí fọ́ọ̀mù tuntun, wọn ò sì dá oògùn ìyá dúró mọ́. Inú àpótí aláìsàn ni fọ́ọ̀mù náà wà báyìí, níbi tí mo ní kó wà tẹ́lẹ̀.

Ìyá ní kí n má sọ fún ọ. Mo ní ẹ má bínú, màá sọ.

Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sì gbá Kamorat mọ́ra fún mi. Bí o bá ń kọ̀wé sí ìyá, má bi wọ́n pé ara ńkọ́. Ìrun ni kí o béèrè. A dúpẹ́ tí èmi kọ sókè yẹn, òótọ́ ni, ara mi le. Ti ìyá rẹ ni kí o má gbà.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni, tí kì í gba irọ́ lọ́wọ́ fọ́ọ̀mù,
Rẹ̀mí Àlùkò.