Ààbọ̀ Èèyàn Tó Ń Wọ Ọkọ̀ Wa

Erékùṣù Mugishima,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá.

Haruomi ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo sì kí ọ kú ìdúró nínú ọkọ̀ ojú irin, torí Ìyá Kiyono sọ pé àwọn ará Tokyo kì í ráyè jókòó. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹ oúnjẹ gbígbóná? Láàárọ̀ yìí mo bu ìrẹsì àti omi síwájú àwòrán bàbá rẹ, mo lu agogo kékeré náà lẹ́ẹ̀kan, mo sì sọ fún un pé ìsinmi náà ti tó, kó dìde máa ṣọ́ ọ, torí ìwọ nìkan ni iṣẹ́ tó kù sí i lọ́wọ́. Ọ̀nà rẹ á là, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, ọ̀gá rẹ ò ní fi ojú burúkú wò ọ́. Àṣẹ.

Gbogbo wa wà níbí, àwa mẹ́tàlélógún. Orúnkún mi òsì ló ń yọ mí lẹ́nu, àmọ́ ọ̀tún ń gbìyànjú. Ìmàdò mẹ́ta lúwẹ̀ẹ́ wá láti òdìkejì òkun lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì jẹ ọ̀dùnkún mi tán pátápátá. Ó dùn mí, àmọ́ mo gbà fún wọn, torí wọ́n fẹ́ dé ibí, wọ́n sì dé. Ọsàn ti pọ́n. Tìrẹ wà nínú páálí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò tíì fi ránṣẹ́, wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi wa ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo mọ̀ pé iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ lo ti ń ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pé o ti gbọ́ ọ fìrìfìrì, àmọ́ Tokyo tóbi, gbogbo ọ̀rọ̀ ò lè dé etí ẹnì kan. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri èbúté pé tó bá ti di ìparí oṣù kẹta, ọkọ̀ ò ní wá mọ́, torí ìjọba máa dáwọ́ owó ìrànwọ́ tó ń fún un dúró. Ogata tó ń wa ọkọ̀ náà ló lẹ ìwé ọ̀hún fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tẹrí ba, ó ń tọrọ àforíjì bí ẹni tó jalè. Mo ní kó wọlé mu tíì. Ó mu ún, ó sunkún díẹ̀, ó sì dìde torí àkókò ọkọ̀ ti fẹ́ẹ́ tó.

Ibi tó rú mi lójú ni pé ọdún tó kọjá yìí náà ni wọ́n kọ́ ilé tuntun sí èbúté fún àwọn tó bá ń dúró de ọkọ̀. O ò tíì rí i. Ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń ṣí fúnra rẹ̀, mo sì máa ń kí i. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú rẹ̀ ńkọ́, bí èèyàn bá ṣe ń wọlé báyìí, ìdérí rẹ̀ á dìde fún un. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, kò sẹ́ni tó dìde fún mi rí, àfi ìdérí yẹn. Èmi náà máa ń tẹrí ba fún un kí n tó jókòó. Ìyá Kiyono ní àṣejù ni, mo ní ta ló ń bọ̀wọ̀ fúnni tí a ó wá máa wò ó níran. Ilé náà dáa gan-an. Ohun tí a máa dúró dè nínú rẹ̀ ni kò ní sí mọ́.

Ní oṣù kẹwàá ni Aṣòfin Nishiwaki wá. Obìnrin ni, ó wọ bàtà tó ṣeé fi rìn nínú ẹrẹ̀, ìyẹn nìkan ti mú kí n fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, nítorí náà wọn kì í fún un láyè sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó ṣàlàyé fún wa pé tí aṣòfin kò bá ráyè bi ìjọba léèrè lójúkojú, ó lè kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú ìwé, ìjọba sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn láàárín ọjọ́ méje. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ọjọ́ méje. Tí wọn ò bá lè ṣe é, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìwé mìíràn láti sọ ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa dáhùn. Haruomi, ìwọ ni mo rántí, torí lẹ́tà tí mo kọ sí ọ ní oṣù karùn-ún, oṣù kẹjọ lo tó pè mí lórí fóònù láti fi dáhùn. Àmọ́ mi ò sọ ọ́ níwájú wọn.

A jókòó sórí ẹní ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn apẹja, ó sì ń kọ ohun tí kálukú ń sọ. Èkíní, èló ni ìjọba ń ná sórí ọkọ̀ wa lọ́dún, ta sì ló ka àwọn èrò rẹ̀. Èkejì, èló ni wọ́n fi kọ́ ilé tuntun náà. Ẹ̀kẹta, kí ló dé tí wọ́n fi kọ́lé fún ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ dá dúró. Nígbà tó kàn mí, ojú tì mí, àmọ́ mo sọ tèmi, ó sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà: “Tí ọkọ̀ ò bá wá mọ́, báwo ni àwọn ọmọ tó ti lọ ṣe máa padà wálé?” Ìyẹn di ẹ̀kẹrin. Ìyá Kiyono fẹ́ kí wọ́n béèrè ìdí tí oúnjẹ ológbò fi gbówó lórí, aṣòfin ní òun á fi ìyẹn pamọ́ fún ọjọ́ mìíràn.

Wọ́n pa àdéhùn mọ́ o. Ọjọ́ méje pé géérégé, ìdáhùn jáde láti inú ẹ̀rọ fáàsì àwọn apẹja. Mo wà níbẹ̀. Ìwé náà ń yọ díẹ̀díẹ̀, orúkọ Olórí Ìjọba ló wà lórí rẹ̀, nígbà tí mo sì fọwọ́ kàn án, ó ṣì gbóná. Ara mi bù máṣọ, torí ó túmọ̀ sí pé ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀ ni. Mo nu ọwọ́ mi kí n tó gbà á. Mo gbé e lọ síwájú bàbá rẹ, mo sì kà á sókè fún un, torí kò sẹ́ni tí Olórí Ìjọba kọ̀wé sí rí nínú ìdílé rẹ̀.

Ní ti èkíní, wọ́n kọ iye owó, wọ́n wá ní tí a bá pín àwọn èrò dọ́gba, èèyàn kan àti ààbọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan tó bá gbéra. Ní ti èkejì àti ẹ̀kẹta, wọ́n dà wọ́n pọ̀, wọ́n ní abẹ́ ètò mìíràn ni ilé náà wà, ètò náà sì lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, ohun tí wọ́n kọ rèé: “Ohun tí ìbéèrè yìí ń sọ kò fi bẹ́ẹ̀ yé wa, àmọ́ a ó máa gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bó ti yẹ, bí nǹkan bá ṣe ń lọ.”

Àwọn tó kù bínú. Èmi ò bínú, torí kì í rọrùn fún èèyàn ńlá láti jẹ́wọ́ pé nǹkan ò yé òun. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà sí Olórí Ìjọba láti tún ìbéèrè náà ṣàlàyé fún un. Ìwọ náà sì mọ̀ pé a kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni ká má dá nǹkan padà, àgàgà nígbà tí ọdún ń parí lọ, nítorí náà mo fi páálí ọsàn kan tì í. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n dá ọsàn náà padà. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn. Méjì ti rà lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ wa náà sì ni wọ́n fi dá a padà, Ogata ló gbé e wá fún mi. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé iṣẹ́ ìjọba nìwọ náà ń ṣe. Ẹ̀rù bà mí láti fi ọsàn tìrẹ ránṣẹ́ kí wọ́n má lọ lé ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí tó fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nìyẹn.

Nígbà tí a gbọ́ ti èèyàn kan àti ààbọ̀, a fẹnu kò pé kí gbogbo wa máa wọ ọkọ̀ náà lójoojúmọ́ kí iye lè gòkè. Ìyá Kiyono wọ̀ ọ́ láàárọ̀, kò bọ́ sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀, Ogata sì ń fún un lára oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ààbọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi ni odidi kan yẹn, ìyẹn dá mi lójú, torí mò ń lọ rí dókítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ta wá ni ààbọ̀? Mo kọ́kọ́ rò pé Ìyá Kiyono ni, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ gan-an, kò ga ju tábìlì lọ mọ́. Mo bi í, ọjọ́ méjì ni kò fi dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i.

Ogata náà tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó bí mi nínú. Ó ní Olórí Ìjọba kọ́ ló ń kọ ìdáhùn wọ̀nyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọkọ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ dè é. Ó wá wojú mi, ó ní, “Ìyá Haruomi, ṣé kì í ṣe iléeṣẹ́ tí Haruomi wà nìyẹn ni?” Mo ní kò mọ ohun tó ń sọ. Mo ní ọmọ mi mọ ọkọ̀ yẹn, inú rẹ̀ ló ti bì sára aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tuntun, òun náà la fi gbé bàbá rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ tí a lọ sun òkú rẹ̀. Mo ní ká ní ọmọ mi ni wọ́n gbé ìbéèrè ẹ̀kẹrin fún, á yé e. Ogata bẹ̀ mí pé kí n máà bínú, ó sì ń wo bàtà rẹ̀.

Nǹkan kan ló kàn wà níbẹ̀. Nígbà tí o pè mí ní oṣù kẹjọ, tí mo bi ọ́ pé ìgbà wo lo máa wá, mo kọ ohun tí o sọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, torí mo rò pé ọjọ́ kan ni o dá. O ní, “Màmá, màá gbé e yẹ̀ wò bó ti yẹ, bí nǹkan bá ṣe ń lọ.” Mo já kàlẹ́ńdà náà sílẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Olórí Ìjọba. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo wá rí i pé Olórí Ìjọba ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́nu rẹ. Inú mi dùn sí i díẹ̀, ó sì bà jẹ́ díẹ̀.

Lánàá, mo jókòó sínú ilé tuntun náà, mò ń wo òkun, ọ̀rọ̀ ààbọ̀ yẹn ṣàdédé yé mi. Ẹni tó bá lọ tó sì bọ̀, odidi ni. Ẹni tó bá lọ tí kò tíì bọ̀, ààbọ̀ ni. Ìwọ ni, Haruomi. Láti ọjọ́ tí a parí ètò òkú bàbá rẹ, ìwọ ni wọ́n ń kà bọ̀. Mo lọ bẹ Ìyá Kiyono, ó ti dárí jì mí.

Nítorí náà èmi náà fẹ́ fi ìwé béèrè. Èkíní, ọjọ́ wo lo máa wá, ṣé á bá ìrántí bàbá rẹ ní oṣù kẹta, kí ọkọ̀ tó dúró? Èkejì, tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o wá, iṣẹ́ wo ni, ta ló gbé e fún ọ, kí n kọ̀wé sí i? Ẹ̀kẹta, ta ló máa jẹ ọsàn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn? Má da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ o. Má sì sọ pé kò yé ọ. Ọjọ́ méje ni mo fún ọ, tí o kò bá lè ṣe é, kọ̀wé sọ ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ tí wàá dáhùn, bí òfin ṣe wí.

Ní ti owó, mo nílò rẹ̀, mi ò ní purọ́, kẹrosíìnì ti gbówó lórí. Àmọ́ owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ lópin ọdún, má fi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wa. Ti bíbọ̀ nìkan ni kí o rà, torí ti lílọ, o ti lò ó.

Wàá pẹ́, wàá dàgbà ju èmi àti bàbá rẹ lọ, òkun á tòrò fún ọ lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀, ìmàdò ò ní ṣáájú rẹ délé mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Masue, odidi kan tó jókòó sí èbúté.