Àwo Tí Mo Lò Láìka Orúkọ

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Boundary,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 1972.

Akínsànyà, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù Enugu ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kó má sì bá yín nídìí oúnjẹ, nítorí kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń kà kí òkèlè tó lọ lọ́nà ọ̀fun. Èmi náà wà. Ara mi le, bí ó bá jẹ́ ti ara nìkan ni a ń sọ.

Ìròyìn àkọ́kọ́ ni pé mo ti fi iṣẹ́ lílo rẹ́kọ́ọ̀dù lóde àríyá sílẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé o máa ní ìwọ ti gbọ́n ṣáájú mi, ìwọ tí o sá wọ iṣẹ́ rélùwéè tí o fi èmi àti ọ̀gá wa sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ àti bátìrì. Kì í ṣe pé iṣẹ́ kò sí. Àwọn ará GRA ń ránṣẹ́ pè mí, àwọn ará Kirikiri náà ń pè mí, kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í kanlẹ̀kùn. Èmi ni n kò lè fọwọ́ kan àwo orin mọ́. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, torí ìwọ nìkan ni o máa mọ ohun tí mo ṣe. Àwọn yòókù á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

O rántí àwọn òfin Baba Ebiere, ọ̀gá wa, ọmọ Ìjọ́ tó gbọ́ Yorùbá ju àwa tí wọ́n bí sínú rẹ̀ lọ. Kí a má fẹnu kan ọtí olóde títí àríyá á fi tán. Kí a má ṣe gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo nígbà tí àgbàlagbà bá ń jó lọ́wọ́, òjò ìbáà máa rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó fi ń fà wá létí ni ti pépà. O mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fi orin kí olóde á kọ ọ́ sórí pépà, á fi ránṣẹ́ sí wa, a ó ka orúkọ rẹ̀ nínú máìkì, a ó sì lo àwo tó bá ní kí a lò. Baba ní tọkọtaya ni pépà àti àwo, kí a má tú wọn ká. Tí a bá ti lo àwo, kí a ti ka orúkọ. Tí orúkọ náà bá jẹ́ èyí tí kò ṣe é kà, kí a má lo àwo rárá, kí a gbé pépà fún olóde kí ó fúnra rẹ̀ pinnu. A máa ń fi òfin yìí ṣe ẹ̀fẹ̀ tí Baba bá yíjú sẹ́yìn.

O rántí Josephine, àbúrò Dorothy tó ń ránṣọ ní ojúlé wa. Ìwọ náà wà níbẹ̀ ní 1965 nígbà tí a jọ lo àwo níbi ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Azubuike, akọ̀wé wáàfù yẹn tó ga tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ wọ ilé wa. O ò lè gbàgbé àwo háílàífù tó ní àpá, tí abẹ́rẹ́ fò lórí rẹ̀ bí ijó wọn ṣe ń wọra, tí àwọn méjèèjì sì fò pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ilé wó fún ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, níbikíbi tí mo bá ti lo àwo yẹn tí wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n á fò.

Lẹ́yìn tí o kúrò ni wàhálà dé. Azubuike sá lọ sílé wọn, ogun sì gbé e mì. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ti ibẹ̀ dé ní òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín. Josephine wọ aṣọ dúdú títí aṣọ náà fi ṣá. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan, ló fi sùúrù dúró dè é fún ọdún méjì gbáko. Ènìyàn rere ni, mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n.

Ìgbéyàwó wọn bọ́ sí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù keje ọdún tó kọjá, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan nítòsí wa. Ó tó nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí Onoriode, alágbàrù wáàfù tí gbogbo wa mọ̀, na pépà sí mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n jọ̀wọ́ lo àwo tó ń fò fún Josephine, pé Azubuike ni, pé òun wà lẹ́nu géètì, tí ó bá sì fẹ́ rí òun kó jáde wá.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Bàbá Josephine ni olóde, ó jìnnà sí mi bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré. Ṣùgbọ́n ó ń jó, Akínsànyà. Ọdún márùn-ún ni n kò ti rí ọkùnrin yẹn kó jó. Mo ní tí mo bá gbé pépà yìí fún un, mo ti pa á. Tí mo bá ju pépà nù, mo ti pa ẹni tó wà níta. Ni mo bá gbọ́n ọgbọ́n òmùgọ̀. Mo ní kí n ṣàánú fún tọ̀tún tòsì. Mo ki pépà bọ àpò, mo lo àwo, n kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan nínú máìkì.

Josephine dúró gbagidi láàárín agbo. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń jó, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé ibi àpá, ó fò. Òun nìkan ló fò. Ọkọ rẹ̀ tẹ aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bí àwo yẹn ti tán ni mo gbé òmíràn lé e, mo sáré lọ sẹ́nu géètì. Onoriode nìkan ló dúró síbẹ̀. Ó ní Azubuike ti lọ bá ọkọ̀ ẹrù tó fẹ́ gbéra lọ sí Onitsha, ó ń fi ọ̀pá rìn lọ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ìbọn bà jẹ́. Mo bi í pé kí ló sọ. Onoriode ní, "E say she don hear him name, and she dance. E say make nobody find am." Ìgbà náà ló tó yé mi. Inú gbọ̀ngàn ni àwọn sípíkà kọjú sí. Ní ẹnu géètì, ènìyàn á gbọ́ orin, á sì rí agbo láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ohun tí a sọ nínú máìkì. Ẹni tó bá ti gbé Ajégúnlẹ̀ mọ̀ pé a kì í lo àwo láìka orúkọ. Ó rò pé mo kà á. Ó rò pé Josephine ti dáhùn.

Mo sáré dé ibi tí ọkọ̀ máa ń dúró ní Àpápá. Ọkọ̀ ti lọ. Mo padà wá bá wọn tí wọ́n ń pariwo pé àwo ti tán, mo sì lo àwo fún wọn títí di aago méje.

Lọ́jọ́ Ajé, Josephine wá sí yàrá mi, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Bùọ̀dá Túnbọ̀sún, ta ló ní kí ẹ lo àwo yẹn?" Mo ní kò sẹ́ni, pé ọwọ́ mi ló ṣèèṣì bá a. Ó ní òun ti ń bẹ Azubuike lójú àlá pé kó tú òun sílẹ̀, pé ní báyìí òun mọ̀ pé ó ti gbọ́, Azubuike ló rán àwo yẹn láti ọ̀run. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Akínsànyà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ní kò tọ́pẹ́.

Oṣù tó kọjá ni mo jẹ́wọ́ fún Baba Ebiere. Kò bú mi. Ó kàn ní kí n lọ gbé abẹ́rẹ́ tí òun fún mi lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira wá. Mo gbé e wá, ó fi sínú àpò rẹ̀, ó sì béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe rèé. Ẹ̀bá Udi ni ilé wọn, o sì ń bá rélùwéè lọ káàkiri agbègbè yẹn. Bá mi wá a. Sọ fún un pé n kò ka orúkọ rẹ̀, pé Josephine kò gbọ́. Mo mọ̀ pé oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú rẹ̀ báyìí. Mo mọ̀ pé tí ọkùnrin náà bá dìde wá, ilé méjì ló máa dàrú, tí kò bá sì wá, mo kàn tún lọ fọwọ́ tọ ojú ọgbẹ́ ni. N kò rí ibi tó dára níbẹ̀, mo ti wá a tì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ni, mo gbé e pamọ́ sínú àpò mi.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣi ọwọ́ lò níbi tí kò ṣe é tún ṣe. Kí ó bá ọ wo àwọn ọmọ dàgbà, kí o má rí ìjàǹbá ojú irin. Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ jẹ iyọ̀ ọ̀gá kan náà,
Túnbọ̀sún.

Àfikún: Ọjọ́ mẹ́jọ ni lẹ́tà yìí fi wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Onoriode wá láàárọ̀ yìí. Awakọ̀ Onitsha kan ló sọ fún un pé wọ́n ti sin Azubuike láti oṣù kìíní. Ẹsẹ̀ yẹn ló jẹrà. Má wá a mọ́. Josephine bí ọmọkùnrin lánàá, wọ́n sì ti wá bẹ̀ mí pé kí n wá lo àwo lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo ní ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́.